Eku Elétí Yíya

Ẹni tó bá fẹ́ ni kó gbà mí gbọ́. Ojú mi ló ṣe, mi ò mutí, oorun ò sì kùn mí.

Ilé ìwádìí kan ní Kanazawa, ní Japáànù, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá sì kọjú sí wa. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń pèsè omi tó ń mú oúnjẹ dà. Bí àìsàn bá kọlù ú lójijì, omi náà á yíjú padà sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí ń gbẹ́ tirẹ̀. Ara ẹlòmíràn á yá kíákíá. Tẹlòmíràn á burú sí i: ẹ̀dọ̀fóró á kún fómi, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló ń mú un burú? Ohun tí à ń bi àwọn eku nìyẹn. A máa ń gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ tó ń dá àìsàn náà sílẹ̀, a sì ń gún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán, ká lè fi wọ́n wéra.

Nínú yàrá eku, ọ̀sán wa ni òru wọn. Bí a bá ti wọlé la ń pa iná, torí inú òkùnkùn ni eku ń jí. Iná pupa bàìbàì. Ìró fáànù. Èékánná wẹ́wẹ́ lára àpótí ike.

Lọ́dọọdún, a máa ń kó òdòdó àti èso lọ síbi òkúta ìrántí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé fún àwọn ẹranko tó kú sí wa lọ́wọ́. A ó tẹrí ba, a ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ dárí jì wá." Ó parí. Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí a ti gba ẹ̀mí rẹ̀, kí la tún fẹ́ gbà?

Lọ́dún kan, àìsàn yìí gan-an ló dá bàbá Shiori dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn iwájú wa. Shiori ni àbúrò wa níbi iṣẹ́. Ó mọ gbogbo ohun tó lè tẹ̀ lé e, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó lè sùn. Àánú ọmọ náà ń ṣe mí gan-an. Níbi òkúta, gbogbo wa dìde, òun ò dìde.

"Shiori, òjò ń bọ̀ o."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n."

"Pé kí wọ́n dárí jì wá?"

"Pé kí wọ́n bá bàbá mi gbé e."

"Ta ló ní kó o bẹ àwọn yẹn?"

"Ta ni kí n wá bẹ̀? Ta ló mọ ìrora yẹn jù wọ́n lọ?"

Mo fà á lọ́wọ́, a wọlé kí òjò tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá eku dákẹ́. Mi ò gbọ́ èékánná kankan. Àwọn eku tí a yà sọ́tọ̀ fún omi iyọ̀ ti ká ẹ̀yìn kò, irun wọn dúró ṣánṣán, gbogbo wọn sì kọjú sí ògiri kan náà. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ilé ìwòsàn wà.

Ọ̀gá wa, Kuwabara, bínú. "Ta ló ṣi abẹ́rẹ́ gún àwọn eléyìí?"

"Ọ̀gá, a ò tíì gún wọn rárá. Ọ̀la ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ sọ pé ojú oorun lẹ ti gún wọn!"

Ọ̀kan kú. Nígbà tí a là á, ẹ̀yà ara yẹn ti jẹ ara rẹ̀ tán. Kò pẹ́ ni Shiori sáré wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ tó ń bá bàbá mi mí. Ó ti ń dá mí fúnra rẹ̀!"

Òmíràn kú, ìtọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Òmíràn tún kú, ibà bàbá lọ sílẹ̀. Ọ̀gá Kuwabara ò pariwo mọ́. Níkẹyìn, ó ku ẹyọ kan, èyí tí etí rẹ̀ ya. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Shiori kúnlẹ̀ síwájú àpótí rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó báyìí."

Eku náà yíjú, ó wò ó. Mímí rẹ̀ rọlẹ̀. Kò kú.

Nígbà tí wọ́n dá bàbá sílẹ̀, ó gbé àkàrà ìrẹsì dídùn wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ń wò káàkiri.

"Elétí yíya dà?"

A wo ojú ara wa. Shiori ò sọ ọ̀rọ̀ eku kankan fún un rí.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni gbogbo wọn ń sùn sí," ni bàbá wí. "Wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ni kò lọ."

Eku kì í pẹ́ láyé. Eléyìí ti ré kọjá ọjọ́ orí eku tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Bàbá ti jáwọ́ nínú ọtí tó dá a dùbúlẹ̀, ó ń gbin ewébẹ̀ nílé rẹ̀ létí òkun. Láràárọ̀ ni Shiori ń gé ápù fún eku náà, á máa fi ṣeré pé, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ápù àná ṣì wà nílẹ̀. Eku náà ti ká ẹ̀yìn kò, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kò kọjú sí ilé ìwòsàn mọ́. Ìhà òkun ló kọjú sí.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Shiori lórí àtẹ̀gùn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo dúró síwájú àpótí náà, mo fi ara bò ó.