Omi Inú Agolo Kọfí

Máàkì 127 ló pòórá lórúkọ Jolene Tackett láàárín oṣù kan, kò sì mọ ẹni tó jí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni báǹkì pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ tọrọ owó ilé, 738 ni máàkì àwìn rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí báǹkì fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè. Ó ti di 611 báyìí. Ẹni tí kò bá sì ní tó 640, wọn kì í yá a lówó ilé. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹlòmíì á ra ilé náà. Nọ́ọ̀sì ni Jolene, kò sì pẹ́ kó tó san owó kankan rí láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ló bá gba ilé Verna Doyle lọ.

Verna ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá nílùú Lima, ní Ohio, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún rẹ̀ kan ti bàjẹ́, síbẹ̀ kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń rìn yípo tábìlì, ó ń lá súìtì.

"Gbogbo nǹkan tó wà lórúkọ ẹ, kà á fún mi."

"Owó mọ́tò. Káàdì àwìn tèmi, kékeré ni. Àti káàdì Dádì."

"Káàdì Dádì báwo?"

"Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi orúkọ mi kún tiwọn. Mi ò ná an rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń san owó ẹ̀ déédéé, ó ń gbé orúkọ mi ga."

Verna dúró. Ó mọ̀ pé bí káàdì yẹn ṣe ń gbé èèyàn ga, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè gbé èèyàn ṣubú. Bí ẹni tó ni ín bá ná an dé góńgó, ó wà lọ́rùn ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá a rìn.

"Dìde," ó ní. "Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ là ń lọ."

Oko ni Wendell Tackett ń gbé pẹ̀lú Opal, ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá àwọn ọmọ rẹ̀. Opal gbé kọfí fún wọn. Verna wo bẹ́síìnì tó ti pọ́n, ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì Wendell tó yẹ kó funfun.

"Omi yín ń pa aṣọ láró o, Ọ̀gbẹ́ni Tackett."

"Omi kànga ni. Irin ló wà nínú ilẹ̀ wa. Ogójì ọdún ni mo ti ń mu ún, kò tíì pa mí."

"Káàdì yín dà?"

Wendell rẹ́rìn-ín. "Ó wà lẹ́wọ̀n." Ó ṣí fírísà, ó gbé agolo kọfí kan jáde. Yìnyín ló kún inú rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Opal ń ra gbogbo ohun tí wọ́n bá ń tà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ju káàdì sínú agolo, mo bu omi ẹ̀rọ wa lé e, mo gbé e síbí. Ẹni tó bá fẹ́ ná an á kọ́kọ́ dúró kó yọ́. Kó tó yọ́ tán, orí onítọ̀hún á ti pé. Owó fóònù nìkan ló ń gba orí ẹ̀ kọjá."

"Bàtà mẹ́fà péré ni mo rà," Opal ní.

"Mẹ́rìndínlógún ni."

Àwọn lẹ́tà báǹkì wà lórí fírísà, Wendell kò já wọn. Verna já èyí tó wà lókè. Ẹgbàá mẹ́rin dọ́là ni káàdì náà lè gbé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Káàdì ẹ̀bùn, èyí tí èèyàn lè ná bí owó, ni wọ́n fi rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, lọ́jọ́ kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni báǹkì máa ń ròyìn gbèsè orí káàdì fún àwọn tó ń ka máàkì àwìn.

Wendell jókòó. "Kò ṣeé ṣe. Káàdì rèé nínú yìnyín."

"Kí ẹnikẹ́ni má wò mí o," Opal ní.

Jolene ti ń wò ó. "Ìwọ lo wà nílé lójoojúmọ́, Opal."

"Ọmọ yìí, tí mo bá fẹ́ jalè, bàtà ni mo máa rà."

Verna kò dá sí wọn. Ó ti yí yìnyín náà sínú abọ́ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ lé e. Yìnyín náà mọ́ gaara, ó ka orúkọ Wendell lára káàdì láti òde. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé ìdáná títí ó fi yọ́. Nígbà tó yọ́ tán, hóró erùpẹ̀ dúdú mélòó kan wà nísàlẹ̀ abọ́, àti fọ́nrán ìwé ìròyìn kan.

"Ta ló tún máa ń wọ ilé ìdáná yìí?"

"Ọmọ mi ọkùnrin nìkan, Darrell," Wendell ní. "Ọjọọjọ́ Àìkú ló máa ń gbé kúlà ẹja wá, ká lè jẹun pọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Verna, Wendell àti Jolene lọ sí ṣọ́ọ̀bù Darrell létí adágún. Ekòló ló ń tà fún àwọn apẹja. Páànù tuntun ń dán lórí òrùlé rẹ̀. Lórí tábìlì, àpótí ekòló kún fún erùpẹ̀ dúdú àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fírísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fún mi lómi mu," Verna ní.

Darrell bu omi fún un láti ẹnu ẹ̀rọ. Verna gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Omi ìjọba ni, kò ní àwọ̀ kankan.

"Òrùlé yìí dára. Níbo lo ti rówó ẹ̀?"

"Mo tọ́jú owó ni, mà."

"Inú káàdì ẹ̀bùn lo tọ́jú ẹ̀ sí?"

Darrell yíjú sí tábìlì. Ó ń fọwọ́ tú erùpẹ̀ inú àpótí.

"O fi kúlà ẹja gbé agolo bàbá ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú kan," Verna ní. "O jẹ́ kó yọ́. O ná káàdì náà kí báǹkì tó ròyìn, kó lè hàn lórúkọ àbúrò ẹ. Lẹ́yìn náà lo bu omi lé e lórí tábìlì yìí, tí o jẹ́ kó dì, o sì gbé e padà. Omi bàbá ẹ pọ́n bíi tíì. Èyí tí mo bá nínú agolo kò pọ́n. Erùpẹ̀ ekòló ẹ ló bá omi wọlé."

"Darrell," Wendell ní. "Sọ pé irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́, Dádì." Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Lóṣù kẹfà, òjò ń rọ̀ lé mi lórí níbí. Mo lọ bá báǹkì. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan lórúkọ mi, nítorí pé owó ọwọ́ mi ni mo fi ń ra gbogbo nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, wọ́n ṣe mí bí ẹni tí wọn ò bí. Ọkùnrin ibẹ̀ wá bi mí bóyá bàbá mi ní káàdì àtijọ́, pé wọ́n lè fi orúkọ mi kún un. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí Jolene ti rí tiẹ̀."

"O ò bi mí," Wendell ní.

"Ṣé òun bi yín ni?"

Wendell wolẹ̀. Ó dùn ún, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi ti yan yàrá ẹ̀ nínú ilé yẹn," Jolene ní. "O mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ 'rárá' lẹ́nu báǹkì lẹ́ẹ̀kan."

Verna na fóònù sí Jolene. "Sọ fún báǹkì kí wọ́n yọ orúkọ ẹ kúrò lórí káàdì náà. Gbèsè náà á lọ. Gbogbo ọdún rere tó wà lẹ́yìn káàdì náà á bá a lọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, tìẹ nìkan ni."

Jolene wo bàbá rẹ̀, ó gba fóònù. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 669 ni báǹkì bá lórúkọ rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ilé náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n létí adágún níbẹ̀, kò tíì mọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ òun kúrò lára bàbá òun.

"Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?" Verna bi Wendell.

Wendell mi orí pé rárá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Jolene. "Ẹ má tíì lọ o," ó sọ fún ọmọbìnrin báǹkì tó wà lórí fóònù. "Mo fẹ́ fi orúkọ kan kún un. Darrell Wayne Tackett."

Darrell gbé orí sókè. "Dádì, káàdì yẹn ti kún. Ó máa rì mí."

"Ìwọ lo kún un, ìwọ náà lo máa san án. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹ á máa gòkè. Tó bá tán, ọdún méjìlélógún tó wà lẹ́yìn ẹ̀ di tìẹ náà."

Ọmọbìnrin náà bèèrè ọjọ́ ìbí Darrell.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì," Wendell ní, kò ronú. Ó sọ ọdún rẹ̀. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀, kò dákẹ́. "Agogo mẹ́rin ìdájí ni. Yìnyín ti dí ọ̀nà, mọ́tò ò lè lọ. Èmi ni mo gbé ìyá ẹ̀ dé títì."

Ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ nìkan ni òun nílò. Darrell ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń to àpótí ekòló tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.