Àwọn Ilẹ̀kùn Tó Yọ Nítorí Aṣọ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

"Ẹ káàsán, àǹtí alágbàfọ̀," ló wí. Ó na fóònù sí mi. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ṣé ó ti rọlẹ̀?"

Mo di áyọ́ọ̀nù mú. Èmi nìkan ni mo ya fọ́tò yẹn, nínú yàrá mi, lọ́jọ́ tí eyín fẹ́ pa mí. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Ó rí bí mo ṣe di áyọ́ọ̀nù mú. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń ṣàlàyé.

Káfíńtà ni. Fóònù àlòkù tí mo rà lọ́dún tó kọjá, òun ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó tà á, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò níbi ìpamọ́ fọ́tò kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gbowó. Gbogbo ohun tí mo bá yà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ.

Mo sì máa ń ya fọ́tò gan-an. Kò sí aṣọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò ní yà kí n tó rẹ ẹ́ sómi: ibi tó ti ya, ibi tí epo ta sí, bọ́tìnnì tó já. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní mo ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí. Wọ́n lé mi.

"Ibẹ̀ ti kún," ni káfíńtà wí. "Ọ̀fẹ́ náà níwọ̀n. Tí n ò bá yọ nǹkan, kò ní gba tuntun mọ́. Mo ní kí n wá bi yín, èwo ni kí n yọ nínú aṣọ yín? Mi ò mọ èyí tó ṣe pàtàkì. Ara tikẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ni mo ti rí àdírẹ́sì."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn tì mí síta?"

Ó wolẹ̀. "Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá rí aṣọ iléèwé ọmọ kan. Bọ́tìnnì méjì ti já nígbà tẹ́ ẹ yà á. Nígbà tẹ́ ẹ tún yà á, ó ti pé. Ta ló ní kẹ́ ẹ rán an?"

Kò sẹ́ni tó ní kí n rán an. Inú mi dùn, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Mo fún un ní tikẹ́ẹ̀tì kan, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, bá wa níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Ọdún kan gbáko lo fi ń yọjú wo àbúrò mi? Kí lò ń wá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ṣé dókítà eyín ni ẹ́?"

Ó gba fóònù mi, ó yọ orúkọ ọkùnrin náà níbẹ̀, ó sì lé e jáde. Gbogbo fọ́tò mi bá a lọ. Fóònù mi kéré, ibi ìpamọ́ yẹn nìkan ni wọ́n wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò wọṣọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, agbẹjọ́rò kan wá gba kóòtù tó fún wa fọ̀. Ó fọwọ́ kan kólà.

"Ta ló jó eléyìí?"

Ihò kékeré ni, bí ẹnu sìgá. Mo mọ ihò náà, mo ti yà á. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó fọwọ́ sábẹ́ aṣọ tá a tẹ́ sórí tábìlì, ó yọ tikẹ́ẹ̀tì tí mo rò pé mo fi pa mọ́ fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló pe nọ́ńbà náà.

Káfíńtà dé tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó lórí. Kóòtù náà rèé nínú fóònù ẹ̀, gbígbẹ, pẹ̀lú ihò, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Agbẹjọ́rò wò ó, ó ní ká má bínú, ó mú kóòtù ẹ̀ lọ.

"O ní ibẹ̀ ti kún," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Báwo ni gbogbo aṣọ yìí ṣe wá ráyè?"

"Mò ń yọ tèmi ni, mà."

"Kí ni tìẹ?"

"Ilẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo máa ń fi wọ́n han oníbàárà."

"Ó ku mélòó?"

"Kò ku ìkankan, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, inú ẹ̀ ti yọ́.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí kì í pa dé dáadáa," ló wí níkẹyìn. "Wá wò ó lọ́la. Kó o jẹun kó o tó wá o, mi ò ní dáná fún ẹ."

Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo gbà á ní oṣù méjì. Lọ́jọ́ tó parí ẹ̀, èmi ni mo yà á. Ìfẹ́ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára nígbà yẹn, mo sì sọ fún un.

Nígbà tá a ṣègbéyàwó, ayàwòrán ní òun máa fi ọ̀ọ́dúnrún fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní kó fi méjìlá ránṣẹ́.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé la máa ń jókòó tira wa, tá à ń yọ fọ́tò.

"Olólùfẹ́ mi, sòkòtò tíṣà yìí ńkọ́?"

"Ó ti gbé e lọ. Yọ ọ́."

Tá a bá ti dórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, á gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyẹn ò gbàyè," á wí.