Fèrè Ti Dún, Rufus Kò Dúró

Bí Rufus Tolliver bá tẹ ìka mọ́lẹ̀ níwájú rẹ lórí pápá, kí o tètè gbàdúrà.

Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní Ohio láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dúró níwájú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí ó dènà àwọn tó fẹ́ wó onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. A máa forí kọ lu èèyàn, a máa ki àtàǹpàkò bọ̀ wọ́n lọ́fun. Gbogbo ìgbà tó bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀ gbalaja, akọ́nimọ̀ọ́gbá á lẹ ìràwọ̀ kékeré kan mọ́ akoto Rufus. Akoto náà ti kún bámú.

Lemuel Gaines tí wọ́n jọ ń dúró lórí ìlà ìdènà jẹ́ onígbàgbọ́.

"Rufus, wá bá wa gbàdúrà kí á tó jáde."

"Ẹ bá mi gbà á fún àwọn tí mo fẹ́ lù lónìí. Àwọn ló nílò ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejìlá, yìnyín ń bọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì, Corwin Pratt, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá àgbà, ẹ lọ jókòó," ni Corwin wí. "Orúnkún yín ti ń ké."

Ara Rufus gbóná. Nígbà tí wọ́n tún kọ lu ara wọn, fèrè dún, kò gbọ́ tàbí kò fẹ́ gbọ́. Ó gbá Corwin mú láyà, ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì fi gbogbo ara wó lé e lọ́rùn. Corwin kò dìde. Wọ́n fi pákó gbé e lọ. Rufus tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jókòó wo fídíò ìdíje náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń mú ìràwọ̀ bọ̀.

"Ọkùnrin ni ọ́, ọmọ mi!"

Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Rufus ń wò ó: fèrè ti dún, Corwin ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí Lemuel tó ṣubú, ó fẹ́ fà á dìde. Orí ọwọ́ nínà yẹn ni Rufus bá a.

"Ẹ dá fídíò yẹn padà sẹ́yìn," ni ó wí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá a padà. Ó sáré jáde. Dókítà ti sọ láàárọ̀ pé Corwin kò ní rìn mọ́.

Lemuel tẹ̀ lé e.

"Mo ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, Lemuel."

"O bà á jẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ọlọ́run rí i, ó tún rí èyí tí kámẹ́rà ò yà. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ wa? Ṣebí kí á dúró gba ìyà, kó má kan ẹni tó wà lẹ́yìn wa ni? Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe dúró níwájú ẹ lórí àgbélébùú."

Ọkùnrin ńlá náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sunkún, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Olúwa.

Ó lọ bá Corwin ní ilé ìwòsàn. Corwin lé e jáde lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ó dáa, gbé mi sórí àga onítáyà yẹn." Rufus sì gbé e jẹ́jẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni o ti wó mọ́lẹ̀ tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún ọ? Ọlọ́run yóò fi gbogbo rẹ̀ hàn ọ́ bíi fídíò yẹn. Rufus rí tirẹ̀ láàyè, ó ráyè kúnlẹ̀. Bí o bá dúró di ẹ̀yìn ikú, kò ní sí ààyè mọ́. Fèrè tìrẹ kò tíì dún. Kúnlẹ̀ báyìí, níbi tí o wà.