Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Ní Kí N Má Pè

Mo ń fi ìfági fá ilẹ̀kùn oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún lápò mi. Mo gbọn eruku igi kúrò lọ́wọ́, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà:

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ni. Nọ́mbà mi tuntun nìyí. Ọkọ̀ gbá mi, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹ tètè fowó sí àkáǹtì ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ má pè mí, mi ò lè sọ̀rọ̀."

Èmi àti àbúrò mi ò bára wa sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti yá ayùn mi, tó dá a padà láìléyín. Mo ti búra pé èmi kọ́ ni n ó kọ́kọ́ pè é. Síbẹ̀, ọmọ ìyá mi ni. Owó tó sì wà ní báńkì, owó pákó tí onílẹ̀kùn san sílẹ̀ ni. Mo ní n ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ ní yàrá kejì, yọjú. "Baba Ìbejì, kí ló dé?"

Mo na fóònù sí i. Ó kà á tán. "Ẹ ti pè é lórí nọ́mbà rẹ̀ àtijọ́?"

"Ṣé o ò rí i pé ó ní kí n má pè ni? Ìyẹn náà sì tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó tẹ́ olè náà lọ́rùn. Ta ló ni orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yìí?"

Mo wò ó. Orúkọ obìnrin tí n kò mọ̀ rí ni. "Bóyá nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì tó ń gba owó iṣẹ́ abẹ sápò ara rẹ̀? Ẹ pè é."

"Mi ò pè."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ búra, èmi ò búra." Ó fi fóònù tirẹ̀ pè é lórí nọ́mbà àtijọ́, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kí n lè gbọ́. "Ọkọ mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, ìyàwó wa. Oúnjẹ ni mò ń jẹ. Ṣé ẹ̀gbọ́n ṣì ń bínú ni?"

"Ó ń bínú," ni mo wí látẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n orí pákó ni mo jókòó sí, tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara rẹ̀ le. Owó olówó ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi títí ó fi ní kí n jẹ́ kí òun ráyè ránṣọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ń lé yín léré, tó tún ní kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ fura sí i. Ẹ má fèsì, ẹ má tẹ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má sì sọ nọ́mbà àṣírí báńkì yín fún ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè. Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.

Bí ẹ bá sì ń bá ará ilé yín jà, ẹ máa jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná, kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.