Ògiri Ìyá Aránṣọ àti Ilé Gogoro

Ní àdúgbò wa, bí o bá sín nínú ilé rẹ, aládùúgbò á ní "pẹ̀lẹ́" láti inú ilé tirẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn. Àwọn ilé wa fara ti ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà títí dé ìparí rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé méjì. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ló kọ́ wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, àwọn ilé ṣì dúró.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bàtà ni mò ń ṣe, ìsàlẹ̀ ilé mi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Onígbàjámọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Aránṣọ, ló ni ilé tó tẹ̀lé tirẹ̀. Lẹ́yìn ti Ìyá Aránṣọ, ilé kan péré ló kù tẹ́lẹ̀, ilé bàbá kan tó máa ń tún aago ṣe. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé fún ilé-iṣẹ́ kan, àwọn yẹn sì wó o. Ògiri tó wà láàárín òun àti Ìyá Aránṣọ wá dúró síta gbangba fún òjò. Wọ́n fi páànù ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká, àmọ́ tí o bá gbójú sókè láti títì, wàá rí àpá àtẹ̀gùn bàbá náà lára ògiri.

Ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé gogoro sí, ilé àwọn olówó, tí mọ́tò yóò máa sùn sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà pín àdúgbò sí méjì. Àwọn kan ní ilé náà yóò dí oòrùn mọ́ wa, owó ilé yóò sì wọ́n débi pé àwọn ọmọ wa ò ní lè gbé nítòsí wa mọ́. Àwọn kan ní ìlú kì í dúró sójú kan, ilé ò tó èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Onígbàjámọ̀ wà lára àwọn tó ń retí rẹ̀. Kí oníbàárà tó jókòó dáadáa sórí àga ló ti máa ń na ọwọ́ sókè láti fi bí ilé náà yóò ṣe ga tó hàn án. Gbogbo orí tó bá wọ ibẹ̀, ó ní, irun wà lórí wọn. Èmi náà, kí n má parọ́, mo ti ro ti ẹsẹ̀ wọn.

Ìyá Aránṣọ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ilé yẹn ló ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, yàrá iwájú rẹ̀ ló sì fi ń jẹun, torí ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gan-an ni ògiri tí mo wí yìí wà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Bí fọ́nrán òwú kan bá bọ́ sílẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ ṣà á kó tó dá ọ lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ ńlá wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún irin wọlẹ̀ láti fi mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Ìṣó bàtà ń jó lórí tábìlì mi. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, ògiri Ìyá Aránṣọ ti sán, láti abẹ́ àjà wá sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bíríkìlà nìkan ló pè. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkùnrin tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ náà, tá a sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé, ti ń sọ kiri pé àkísà ilé la kó ara wa sí. Àwọn ará káńsù sì ń bọ̀ wá wo àwọn ilé kí ìpàdé ìtagbangba tó wáyé. Ojú ti Ìyá Aránṣọ. Kò fẹ́ kí àlejò bá ògiri òun ní yíya. Bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún, ògiri náà sì dán débi pé eṣinṣin á yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ará káńsù wá, wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ la ti ṣe ìpàdé náà. Ẹlẹ́rìn-ín gbé àwòrán aláràbarà wá. Àwa gbé ìbínú wá. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, ẹnì kan sunkún, ẹnì kan bú Ẹlẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kó jókòó. Alága ìgbìmọ̀ tí káńsù yàn sórí ọ̀rọ̀ náà, obìnrin kan tó ń wo èèyàn láti orí awò ojú rẹ̀, gbọ́ gbogbo wa tán. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fi hàn pé iṣẹ́ náà lè ba ilé èèyàn jẹ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ dìde. "Alága, a ti gún ilẹ̀ yẹn. Ilé ìyá tó ń ránṣọ ló sún mọ́ wa jù, ẹ̀yin fúnra yín sì ti lọ wò ó. Kò sán níbì kankan. Ìyá ò sì ráhùn." Ó tẹrí ba fún Ìyá Aránṣọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìyá Aránṣọ dìde, ó tún jókòó. Bó bá ní ògiri òun sán, ibo ló sán sí? Alága ní àwọn yóò jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn yóò sì pinnu.

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ la darí sí. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni tí inú ń bí sí ojú tó rí. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ bíríkìlà fún wa. Àbúrò rẹ̀ rò pé òun ń tù ú nínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó nílùú ló ń pín in láàárín ara wọn. Èwo ló kàn wá níbẹ̀?"

Ìyàwó Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ilé wò fún káńsù kan ní apá ibòmíràn. Àmọ́ "ìyàwó mi" ni Ìyá Aránṣọ ń pè é. Ó máa ń bi í nípa ọbẹ̀ àti ọmọ. Kò bi í nípa ilé rí.

"Màmá," ni ìyàwó wí, "ògiri yẹn kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ̀yin lẹ ni inú, ilé-iṣẹ́ yẹn ló ni òde. Ògiri àjọní ni. Tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn lẹ́sẹ̀ ẹ̀ láìfi nǹkan gbé e dúró, tiyín lè wó, tiyín ló sì di tiwa mú, tiwa ló di ti oníbàtà mú."

Mo jókòó dáadáa nígbà tó dárúkọ mi. Onígbàjámọ̀ ní, "Tiwa kẹ̀?"

"Tiwa ni. Ìgbìmọ̀ ò lè fi omijé ṣèdájọ́. Ohun tójú wọn bá rí ni wọ́n lè dì mú. Ibi tó sán yẹn ni ẹ̀rí yín, Màmá, ẹ sì fi ọ̀dà bò ó." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, kí lẹ máa ń sọ fún oníbàárà tó bá fẹ́ sùn lórí àga yín?"

Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

"Ó dáa. Orí wa ni wọ́n fẹ́ fá yìí. Ẹ ò sì wo àwòrán wọn dáadáa. Wọ́n ti ya ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé náà."

Mo rẹ́rìn-ín títí, kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ti oníbàtà náà lè wà níbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ béèrè ohun tó kù ní ṣíṣe. Ìyàwó ní kó má fọwọ́ kan ògiri náà rárá. Kó lọ sọ fún alága pé òun ní nǹkan láti fi hàn, kí wọ́n padà wá pẹ̀lú ẹnjiníà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì ṣí ògiri náà lójú gbogbo wọn. Kí bíríkìlà wà níbẹ̀, kó sọ ohun tó dí àti ọjọ́ tó dí i. Ó ní ògiri tó bá sán báyẹn kì í sán ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n wo ẹ̀yìn páànù náà.

Ìgbìmọ̀ wá lóòótọ́, Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn. Onígbàjámọ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò. Bíríkìlà gbé òòlù, àmọ́ Ìyá Aránṣọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó o bò ó. Èmi náà ni màá ṣí i."

Ó fi í lu ọ̀dà àwọ̀ ewé tó fi owó ara rẹ̀ kùn. Sìmẹ́ǹtì tuntun bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ojú ibi tó sán sì yọ. Ó mú abẹ́rẹ́ tó gùn jù nínú àwọn tirẹ̀, ó tì í bọ ibẹ̀, abẹ́rẹ́ wọlé tán. Ó wá yọ téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi ìdí kan lé alága lọ́wọ́, òun mú ìdí kejì, wọ́n wọn ògiri náà láti òkè délẹ̀.

Alága bi í pé kí ló dé tó fi bò ó.

"Ojú ló tì mí. Mo rò pé ẹ máa ní ilé mi ti gbó. Ó gbó lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ọdún tó fi gbó, kò sán. Ọjọ́ tí wọ́n gún ilẹ̀ ló sán."

Alága ní kí wọ́n ṣí páànù. A bá ojú sísán kan náà lẹ́yìn ògiri, ó gba abẹ́ ìṣó tí bàbá aláago máa ń fi kọ́ fìlà. Ẹnjiníà fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọn ò ní kí ilé gogoro má wà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri àjọní, kí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tún èyí tó sán ṣe, kí wọ́n yẹ gbogbo ilé wa wò tinú-tòde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì lọ ya àwòrán mìíràn wá, torí gíga ilé náà ṣì wà nínú àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Kò sì tíì rẹ̀ wá. Tí ìjókòó bá wà, Onígbàjámọ̀ á ti ilẹ̀kùn, á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Mo lọ sí ìpàdé. Orí yín ni mo lọ ṣọ́."

Wọ́n ti fi irin di ògiri Ìyá Aránṣọ mú, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló dé tó fi àpá yẹn sílẹ̀, á ní kó lọ bi ìyàwó òun.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá sí àdúgbò yín, ẹ lè fẹ́ ẹ, ẹ lè má fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìtìjú bo ohun tó ti bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò ògiri yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún yà á bí nǹkan bá yí padà. Ẹ béèrè òfin ògiri àjọní ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́ ní agbègbè yín. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ìyàwó ilé yín. Ní ìpàdé, ẹ fi èébú sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí ilé yín, kí ẹ sì fi hàn wọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ lọ síbẹ̀. Abẹ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá orí yín lẹ́yìn yín.