Ìdẹ Ìyẹ́ Lórí Adágún Sorley

"Signe! Ṣé ẹja lo fẹ́ pa ni, àbí adìyẹ lo fẹ́ tu?"

Wade, ọmọ ilé-ìwé wọn, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi tiwọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Má dá a lóhùn," ni Linnea, tó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tòun àti Signe, sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Signe. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wá díje ẹja pípa lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló ń fi ìdẹ ìyẹ́ wá ẹja tí wọ́n ń pè ní wọ́láì. Eṣúṣú àti ẹja wẹ́wẹ́ ni gbogbo wa ń lò ní àríwá Minnesota níbí. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Borghild, ti ń fi ìyẹ́ àti irun ìrù àgbọ̀nrín di ìdẹ láti kékeré, àwọn ará ìlú sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Signe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyá àgbà náà kì í ṣeré.

Wákàtí mẹ́ta kọjá, ẹja kan ò jẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Màmá ti sọ fún un pé bí omi bá ti ru, wọ́láì á sún mọ́ àpáta. Ó ju okùn rẹ̀ síbẹ̀, ó jẹ́ kó rì, ó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lójijì, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ.

"Yéè! Má jẹ́ kó lọ o!" Linnea ti gbé àwọ̀n.

Ínǹṣì méjìdínlọ́gbọ̀n! Ojú ẹja náà ń dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ kò há a lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ló ti gún un. Òfin ìdíje sì ni pé ẹja tí ìwọ̀ kò bá mú lẹ́nu, wọn ò ní kà á.

Linnea wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Yọ ìwọ̀ yẹn kíá. Ta ló rí wa?"

"Linnea..."

"Kí ni Linnea? Ṣé o fẹ́ kí Wade máa fi wá rẹ́rìn-ín títí a ó fi jáde ilé-ìwé ni?"

Signe rọra yọ ìwọ̀ náà. Ó wo ẹja náà títí. "Kò jẹ ìdẹ Màmá," ló sọ níkẹyìn. "Bí mo bá gbé e lọ, irọ́ ni mo fi gbèjà wọn."

Ó rọra dá ẹja padà sómi. Linnea kọ ẹ̀yìn sí i.

Apá Signe ti ń ro ó, kò ṣíwọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí ìdíje parí, òmíràn gbé ìdẹ mì. Ẹnu gan-an ni ìwọ̀ ti mú un: ínǹṣì mẹ́tàlélógún. Ti Wade fi ínǹṣì kan jù ú. Nígbà tí wọ́n padà sí èbúté, tí Ọ̀gbẹ́ni Pulkka, adájọ́ ìdíje, pe Signe sípò kejì, Linnea fò sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀! Ó pa èyí tó gùn tó ínǹṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ̀ ti mú un. Èmi ni mo ní kó gbé e wá, ó kọ̀."

Gbogbo èrò tó wà ní èbúté yíjú sí Signe.

"O dá a padà?" Wade la ẹnu sílẹ̀. "Orí ẹ ò pé!" Ó wá ṣí fìlà rẹ̀. "Ṣé wàá kọ́ mi ní ìdẹ yẹn?"

Màmá Borghild ti ń ti èrò sọ́tùn-ún sósì bọ̀. "Ẹ wò ó dáadáa!" ló ń pariwo. "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn o!" Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Mo wà níbẹ̀. Ẹni tó gba ipò kìíní kò gba irú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kankan ò bá rí yín, ẹ̀yin rí ara yín. Iyì tí a fi irọ́ rà kì í bá ni dálé. Èyí tí a fi òtítọ́ gbà, ìbáà ṣe ipò kejì, orí á máa wú ni bí a bá rántí rẹ̀.