Òjòlá Tí Clarisse Fẹ́ Sìn

Kò sí àbùmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó bá Ọlọ́runfẹ́mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, gbé àgbàlá kan náà ní àdúgbò Kennedy, ní Bouaké, ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n.

Ó di ọdún kejì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ìlú náà lọ́wọ́ ìjọba Côte d'Ivoire. Báǹkì ti tì. Ilé ẹ̀kọ́ ti tì. Àwọn ọ̀rẹ́ Clarisse, ọmọ Ọlọ́runfẹ́mi, ti bá òbí wọn sá lọ sí Abidjan lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan. Ọmọ ọdún méje ni. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí látàárọ̀, kò rẹ́ni bá ṣeré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Amoin, obìnrin ẹ̀yà Baoulé tó máa ń ta iṣu fún wọn, sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Òjòlá kékeré kan ká sáàárín iṣu. Kí wọ́n tó pariwo, Clarisse ti nawọ́. Ejò náà gun apá rẹ̀, ó gbé orí lé e léjìká. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Papa, mo fẹ́ ẹ."

Amoin ò rẹ́rìn-ín. "Kì í buni jẹ," ó wí ní èdè Dioula, èdè ọjà ibẹ̀. "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ fún mi, n ó gbé e padà."

Tọkọtaya náà jiyàn títí.

"Bàbá Clarisse, ejò kì í ṣe ajá," Joséphine, ìyàwó Ọlọ́runfẹ́mi, wí. "Kí ni yóò máa jẹ? Àwa gan-an ò rí jẹ."

"Ọmọ ọ̀hún ti ń rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ná."

Ọlọ́runfẹ́mi tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Adìẹ ò ké. Ọmọ ọwọ́ Sìdíkátù, aládùúgbò wọn, tí kì í sinmi ẹkún, ò sunkún. Ìdákẹ́jẹ́ bo àgbàlá bí ìgbà tí wọ́n dé ìkòkò. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fẹnu kò: ejò náà ò ní í gbélé wọn.

Amoin dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Clarisse jókòó lórí ẹní, ejò wà lọ́rùn rẹ̀.

"Papa, ṣé ẹ gbà?"

Ọlọ́runfẹ́mi la ẹnu láti sọ pé rárá.

"Mo gbà."

Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni. Òun kọ́ ló sì sọ ọ́. Ó wú ikọ́, ó tún la ẹnu.

"Mo gbà."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Joséphine ń mi orí pé rárá, ó ń mi orí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Èmi náà gbà," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Amoin ti gbé apẹ̀rẹ̀ rù. "Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́runfẹ́mi sáré tẹ̀ lé e dé ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Languibonou, ìlú Amoin, ti gbé e lọ.

"Anago, kí lò ń lé?" ọ̀kan nínú wọn bi í, ìbọn lọ́wọ́. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀.

Kí ni yóò sọ? Ta ni yóò fi ẹjọ́ sùn? Ó padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó ń fi epo sí ẹ̀rọ kan nígbà tí Clarisse wọlé. Ejò ò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ó nà gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó kọjú síta.

"Papa, ó ní òun ń lọ sílé. Ṣé kí n bá a lọ?"

Ọlọ́runfẹ́mi ju agolo epo sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ètè rẹ̀ ń mì fúnra rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ohùn kankan ò jáde. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Joséphine láti ilé ìdáná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Máa bá a lọ, ọmọ mi."